Àmù kékeré nínú rọ́bà ọ̀dà: bí mo ṣe tún ọ̀nà tí mò ń gbà bomi rin tòmátì àti ata mi ṣe

Ọjọ́ 8, oṣù Bélú

Rọ́bà ọ̀dà 20 lítà mẹ́sàn-án ló wà lẹ́yìnkùlé wa níbí ní Ìlọrin. Tòmátì wà nínú mẹ́rin, ata rodo wà nínú mẹ́ta, ṣọ̀mbọ̀ wà nínú ọ̀kan. Ẹ̀kẹsàn-án, efinrin tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ló dédé hù síbẹ̀. Àpò ìrẹsì méjì tún wà tí mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí, àti bàsíà kan tó ti sán létí tí ṣọkọ wà nínú rẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń bomi rin gbogbo wọn, agolo kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, n kì í sì í yẹ̀ ẹ́. Mo tiẹ̀ máa ń fi yangàn fún ìyá ìbejì pé èmi ò gbàgbé rí.

Lónìí, èyí tó kéré jù nínú àwọn tòmátì náà kú.

Inú bí mi gan-an. Ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ni ewé rẹ̀ ti ń rọ, bó sì ṣe ń rọ ni mò ń fi kún omi rẹ̀. Alájà onílé wa jókòó sábẹ́ máńgòrò rẹ̀, ó ń wò mí látẹ̀yìn wá. Ó ní, "Bàbá ìbejì, ṣé ẹ ò ní fi omi pa nǹkan yẹn báyìí?" Mo ní, "Alájà, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́." Ẹ̀rín ló kàn rín.

Mo dojú rọ́bà náà délẹ̀ kí n lè mọ ohun tó pa á. Ilẹ̀ inú rẹ̀ jáde gbà-à, bí ìgbà tí wọ́n yọ ẹ̀kọ nínú abọ́. Òkè rẹ̀ tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n láti àárín dé ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ ni. Ó ń rùn bí omi ògì tí wọ́n gbàgbé. Gbòǹgbò tó yẹ kó funfun ti pọ́n bí omi tíì, mo fọwọ́ fa ọ̀kan, awọ rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ku okùn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú. Mo yí ìdí rọ́bà sókè. Ihò méjì ni mo lu sí i nígbà tí mo fẹ́ gbìn ín. Amọ̀ ti dí ọ̀kan. Èkejì ò tiẹ̀ já sí òde rí, ìṣó mi kò gba ibẹ̀ kọjá, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Gbòǹgbò náà ń mí bí àwa náà ṣe ń mí, ihò wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbà wọlé. Mo ti fi omi dí gbogbo rẹ̀ pa, gbòǹgbò rà, ohun tó ń fa omi fún ewé kò sí mọ́, ni ewé bá rọ. Mo rí ewé tó rọ, mo tún bu omi lé e.

Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró, ǹ bá kàn dín omi gbogbo wọn kù, ǹ bá sì pa àwọn tó kù. Ohun tó dá mi dúró ni ata rodo tó ń gbọn òdòdó rẹ̀ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ti ìka bọ inú ilẹ̀ rẹ̀. Òkè tutù. Mo fi igi walẹ̀ díẹ̀ sí i, eruku ló jáde. Eruku gbígbẹ, lábẹ́ ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin láàárọ̀! Agolo kan náà, wákàtí kan náà, ọ̀kan mu omi yó kú, òùngbẹ ń pa èkejì lọ. Ìgbà yẹn ni mo mú ìwé jáde tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀.

Ọjọ́ 10, oṣù Bélú

Ihò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti irin tín-ín-rín bọ iná èédú títí ó fi pọ́n, mo sì lu ihò mẹ́fà sí ìdí rọ́bà kọ̀ọ̀kan àti mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́, bí ìka kan sókè sí ìdí rẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ yìí ṣe pàtàkì, torí bí rọ́bà bá jókòó sórí símẹ́ǹtì pẹrẹsẹ, símẹ́ǹtì náà á dí ti ìdí. Mo tún fi bíríkì méjì méjì gbé gbogbo wọn kúrò nílẹ̀. (Òde ni kí ẹ ti jó ike o. Èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ìbejì dáadáa nítorí pé ẹ̀bá fèrèsé ilé ìdáná ni mo ti bẹ̀rẹ̀.)

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òkúta. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí ìkòkò kí omi lè ráyè ṣàn. Èmi náà dà á. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni fóòmù tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Ẹ rì í sómi títí yóò fi mu yó, ẹ gbé e dání ní ìdùbúlẹ̀ títí kò fi ní kán mọ́. Kò kán mọ́, àbí? Ẹ wá gbé e nàró lóòró. Omi mìíràn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú rẹ̀, láìsí ẹni tó fún un. Ilẹ̀ inú ìkòkò náà bẹ́ẹ̀ ni. Omi kì í tán ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀nba kan máa ń dúró síbẹ̀ tí ilẹ̀ á dì mú, kì í sì í fẹ́ ré kúrò nínú ilẹ̀ kíkúnná bọ́ sáàárín òkúta tí àyè rẹ̀ fẹ̀, àfi bí ilẹ̀ náà bá kún dẹ́nu. Nítorí náà òkúta kò gbé omi lọ. Ńṣe ló gbé ẹrẹ̀ náà sókè sún mọ́ gbòǹgbò, tó sì gba àyè tó yẹ kí ilẹ̀ wà. Mo kó gbogbo òkúta náà dànù. Àpáàdì kan ṣoṣo ni mo fi bo ihò kọ̀ọ̀kan, kí ilẹ̀ má baà ṣàn jáde.

Ohun kan náà ló jẹ́ kí n mọ ìdí tí ṣọkọ inú bàsíà fi ń pọ́n léwé. Bàsíà náà kò jìn, fóòmù tó dùbúlẹ̀ ni. Mo kó ṣọkọ náà lọ sínú àpò.

Ilẹ̀ tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ni mo ti kó o, amọ̀ pọ́ńbélé ni. Mo yí i padà fún àwọn tí mo lè tú láìpa wọ́n: ìlẹ̀dú bàsíà méjì, yanrìn odò bàsíà kan, èèpo ìrẹsì tó ti pẹ́ nílẹ̀ bàsíà kan, ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbẹ tó sì ti jinná dáadáa ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, ẹ má dán an wò.

Ọjọ́ 15 sí 20, oṣù Bélú

Alájà ní òṣùwọ̀n onírin kan, èyí tí wọ́n máa ń fi kọ́ ẹran nígbà Iléyá kí ìpín má baà di ìjà. Mo tọrọ rẹ̀. Mo so okùn mọ́ etí rọ́bà, mo fi igi gbé e kọ́.

Ìdí tí mo fi fẹ́ wọ̀n ọ́n ni pé lítà omi kan, kìló kan ni. Bí mo bá bomi rin rọ́bà kan títí omi fi jáde nísàlẹ̀, tí mo dúró kó kán tán, tí mo wọ̀n ọ́n, tí mo sì tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni omi tó lọ.

Ata rodo tó ń gbọn òdòdó ni mo kọ́kọ́ gbé kọ́. Agolo mi gba 700 mílílítà. Mo dà á sí i bí mo ṣe máa ń ṣe, omi jáde nísàlẹ̀ kíákíá, èyí tí mo máa ń rí tí mo fi ń sọ pé "ó ti yó". Mo wọ̀n ọ́n. Ohun tó fi kún ìwọ̀n rẹ̀ kò ju 0.15 kìló lọ. Omi tó lé ní 500 mílílítà kàn gba ibẹ̀ kọjá ni! Mo tẹ̀ ba, mo sì rí i: ilẹ̀ náà ti gbẹ, ó ti súnkì, ó ti ya kúrò lára ike, àlàfo tó gba ọ̀bẹ wà láàárín wọn yípo. Ibẹ̀ ni omi ń gbà sáré lọ sísàlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ gbọ́ tán. Ilẹ̀ tó bá sì ti gbẹ kọjá ààlà tún máa ń ta omi nù, ẹ̀kán omi á dúró lórí rẹ̀ bíi pé orí ewé kókò ló wà.

Òògùn èyí kì í ṣe omi púpọ̀ látòkè. Mo gbé odindi rọ́bà náà sínú bàsíà ńlá tí omi wà nínú rẹ̀ dé ìdajì rọ́bà, mo fi í sílẹ̀ bíi wákàtí kan. Ó ń hó wúrúwúrú. Nígbà tí kò hó mọ́, mo gbé e jáde, mo jẹ́ kó ro, mo wọ̀n ọ́n. Ó ti fi kìló 4.2 wúwo sí i. Lítà mẹ́rin lé ni mo jẹ ata yẹn ní gbèsè, mo sì ń fi agolo tan ara mi jẹ.

Láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 20, àràárọ̀ ni mò ń wọ̀n wọ́n. Tòmátì tó ti so èso ń mu nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀ lóòjọ́. Ata rodo kò ju 0.7 lọ, ṣọ̀mbọ̀ fi díẹ̀ jù ú lọ, efinrin mu 0.6. Àwọn tẹ̀tẹ̀ inú àpò kò ṣe é gbé kọ́, n kò wọ̀n wọ́n. Ní ọjọ́ 19 tí ọyẹ́ àkọ́kọ́ fẹ́ wọlé, tí ètè gbogbo wa là, tòmátì kan náà mu 2.1. Ẹ wò ó: ewéko kan, rọ́bà kan, ọ̀sẹ̀ kan, síbẹ̀ omi rẹ̀ fi ìdajì lítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ nítorí afẹ́fẹ́. Tòmátì kékeré tó kú yẹn, mo ṣírò pé kò lè mu ju agolo kan lọ láàárín ọjọ́ méjì. Agolo mẹ́rin ni mò ń fún un.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, n kò nílò òṣùwọ̀n mọ́. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Mo kàn máa ń ti etí rọ́bà kó yẹ̀ díẹ̀: bó bá fúyẹ́, omi tán, bó bá lọ́ra, mo fi í sílẹ̀. Èyí tí mo bá ń ṣiyè méjì lé lórí, mo máa ń ti ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀ dé oríkèé kejì. Mo dá òṣùwọ̀n padà fún Alájà. Ó ní ṣé mo ti pín ẹran tòmátì tán.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ewé tó ń rọ, nítorí òun ló tàn mí jẹ. Tòmátì tó rọ lọ́sàn-án gangan, tó sì nàró padà nírọ̀lẹ́, oòrùn ló ń bá fínra, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó ṣì rọ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀, ẹ ti ìka bọlẹ̀ kí ẹ tó bu omi. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ fún un lómi. Bí ilẹ̀ bá tutù tí ewé sì rọ, omi ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀tá.

Ọjọ́ 23, oṣù Bélú

Mo fẹ́ ọ̀nà tí omi á fi máa wọlé díẹ̀díẹ̀, torí pé tí mo bá fi agolo dà á láti òkè, ńṣe ló ń gbẹ́ ilẹ̀ tó ń tú gbòǹgbò síta. Àgbàrá kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Ọgbọ́n tí mo kọ́kọ́ dá ni okùn díríìpù, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára. Mo ra tuntun mẹ́ta ní kẹ́míìsì. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni lo èyí tí wọ́n ti lò fún èèyàn. Mo lu ihò mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì 25 lítà, bí ìka méjì sókè sí ìdí rẹ̀ kí ìdọ̀tí lè rí ibi jókòó sí, mo ti ẹnu ṣóńṣó okùn náà bọ̀ ọ́ títí ó fi há, mo fi gọ́ọ̀mù yí i ká.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé ó ṣe é kà. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀ pé ẹ̀kán 20 ni mílílítà kan. Tòmátì fẹ́ lítà kan ààbọ̀. Bí mo bá fẹ́ kó gbà á láàárín wákàtí mẹ́wàá, mílílítà 150 ni fún wákàtí kan, 2.5 fún ìṣẹ́jú kan, ẹ̀kán 50. Ata rodo fẹ́ ẹ̀kán bíi 23. Mo jókòó tì í pẹ̀lú fóònù mi, mò ń yí táyà kékeré ara okùn náà, mò ń ka ẹ̀kán bíi nọ́ọ̀sì. Àwọn ìbejì dúró tì mí, wọ́n ní kí ni wọ́n pe àìsàn tó ń ṣe tòmátì.

Ó kọ́kọ́ dá dúró pátápátá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ti dé ìdérí kẹ́ẹ̀gì náà pa, afẹ́fẹ́ kò rí ibi wọlé rọ́pò omi. Mo lu ihò abẹ́rẹ́ sí ìdérí, ó bẹ̀rẹ̀ padà.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀kán 50 ti di 19. Orí bíríkì méjì ni mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé, omi rẹ̀ kò ga ju rọ́bà lọ púpọ̀. Bí omi inú rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀, agbára tó ń tì í ń dín kù. Mo gbé e lọ sórí ògiri tó ga ju orí mi lọ. Kẹ́ẹ̀gì náà kò ga ju ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ lọ, nítorí náà bó bá ti wà lókè réré, ìyàtọ̀ àárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fẹ́ẹ̀ tán kò já mọ́ nǹkan púpọ̀ mọ́. Ó dára sí i. Kò pé.

Ọjọ́ 2, oṣù Ọ̀pẹ

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ayọ̀ díríìpù lò. Omi kànga wa ní eruku nínú, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú kẹ́ẹ̀gì àti okùn náà nítorí ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú wọn. Mo fi ọ̀dà dúdú kun kẹ́ẹ̀gì, mo fi aṣọ sẹ́ omi kí n tó dà á sí i. Okùn ṣì ń dí. Ìkejì, ilẹ̀ mi tuntun ní yanrìn, omi tó ń kán sójú kan ṣoṣo kì í tàn kálẹ̀ nínú rẹ̀, ńṣe ló ń lọ tààrà sísàlẹ̀. Mo wú ẹ̀gbẹ́ kejì rọ́bà wò, ó gbẹ. Ìkẹta, ewúrẹ́ aládùúgbò wa kan jẹ okùn kan. Jẹ, mo ní jẹ. Ó gé e, ó jẹ ẹ́, ó wò mí lójú.

Mo tú gbogbo rẹ̀. Mo tọ́jú okùn méjì tó kù.

Ọjọ́ 6, oṣù Ọ̀pẹ

N kò rò ó. Ó kàn wá ni. Mò ń bu omi mu nínú fíríìjì tí kò ti sí iná fún un láti àná, omi náà lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, mo wá rántí àmù ìyá mi àgbà. Kò sí iná ní abúlé, omi àmù wọn ń tutù bí omi orísun. Ìdí tó fi ń tutù ni pé ó ń làágùn: omi ń gba ara amọ̀ yọ síta, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ó sì ń mú ooru inú rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Iyanrìn tí wọ́n gbé àmù náà lé kì í gbẹ láéláé. Mo sì rántí ohun tó ń hù lẹ́bàá rẹ̀. Gbúre! Gbúre tó tutù yọ̀yọ̀ láàárín ọyẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò bu omi rin.

Bí àmù bá lè bomi rin gbúre láìjẹ́ pé ó mọ̀, èwo ni mo tún ń ra okùn aláìsàn sí?

Ọjọ́ 9, oṣù Ọ̀pẹ

Mo lọ sí Dada. Ẹni tó bá mọ Ìlọrin mọ Dada. Iṣẹ́ ìkòkò mímọ ni wọ́n fi ń mọ àdúgbò náà, àwọn obìnrin ló sì di iṣẹ́ náà mú. Mo kí màmá àgbàlagbà kan, "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ẹ kú ọwọ́ lómi." Mo ṣàlàyé pé orù kékeré ni mo fẹ́, èyí tó gba bíi lítà kan, ọrùn rẹ̀ kó rí tóóró, mo fẹ́ rì í mọ́lẹ̀.

Wọ́n ní, "Rì í mọ́lẹ̀ ṣe kí ni? Ṣé ẹbọ ni?"

Mo ní rárá, màmá, tòmátì ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kó ṣe, wọ́n dá mi dúró pé èyí tí mo mú lọ́wọ́ kọ́. Èyí tí mo mú ti dúdú, ó ń dán, omi èèpo igbá (èso tí wọ́n fi ń ṣe irú) ni wọ́n wọ́n sí i nígbà tó gbóná láti inú iná, kí ó má baà máa jò. Wọ́n ní, "Tìẹ, jíjò lo fẹ́." Wọ́n lọ mú èyí tí wọ́n kò tíì wọ́n nǹkan sí lára wá, pupa rẹ̀ ṣì gbẹ. Mo ra méje irú rẹ̀, mo sì ra dúdú kan kí n lè fi wé e.

Mo rọ omi kún pupa kan àti dúdú náà nílé, mo gbé wọn sórí símẹ́ǹtì lábẹ́ òjìji, mo fi èédú sàmì sí ibi tí omi dé. Lẹ́yìn wákàtí 24, pupa ti jò tó bíi 400 mílílítà, símẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ tutù. Dúdú kò tó 60. Ká ní dúdú ni mo rà gbogbo rẹ̀, ǹ bá ti kọ ọ́ síbí pé àmù kò ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ 11, oṣù Ọ̀pẹ, àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e

Rírì rẹ̀. Ó rọrùn bí èèyàn bá ṣe é kó tó gbìn, gbé orù sáàárín, da ilẹ̀ yí i ká, ó tán. Tèmi ti ní gbòǹgbò. Mo yan ẹ̀gbẹ́ kan lára rọ́bà, mo fi ṣíbí wa ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbòǹgbò tí mo bá sì kàn mo yà fún un. Tòmátì kan yarí fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó tún bọ̀ sípò. Ọrùn orù nìkan ló yọ síta. Mo fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ ara amọ̀ náà dáadáa, torí bí àlàfo bá wà láàárín wọn, omi kò ní kọjá. Tòmátì mẹ́ta, rodo mẹ́ta, ṣọ̀mbọ̀ kan: méje pé. Efinrin kò nílò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá sílé wa, ó mọ bó ṣe máa jẹun.

Ẹnu orù kò gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Mo gbàgbé èyí fún ọ̀sẹ̀ kan, mo wo inú ọ̀kan, tanwíjí ń jó nínú rẹ̀. Mo da omi náà sórí símẹ́ǹtì gbígbóná, mo wá fi òkúta pẹlẹbẹ bo gbogbo wọn. Abọ́ tí àwọn kan máa ń gbé sábẹ́ ìkòkò náà ń fa ohun kan náà, mo ti kó tèmi kúrò.

Mo tún da èèpo ẹ̀pà bo ojú ilẹ̀, ó nípọn tó ìka mẹ́ta. Mo padà lọ tọrọ òṣùwọ̀n fún ọjọ́ méjì kí n lè mọ̀ bóyá ó yàtọ̀. Ata rodo tó ń mu 0.7 wá sí 0.5, nínú ọyẹ́.

Ọjọ́ 28, oṣù Ọ̀pẹ

Ohun tí mo rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀: omi inú orù ń yára lọ sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá gbẹ, ó ń lọ́ra bí ilẹ̀ bá tutù. Ilẹ̀ gbígbẹ ló ń fà á jáde. Lọ́jọ́ tí ọyẹ́ mú, orù ṣọ̀mbọ̀ gbẹ tán. Lọ́jọ́ tí kùrukùru bo oòrùn, ó ku ìdajì. N kò yí táyà kankan, n kò ka ẹ̀kán.

Ata ti dákẹ́ òdòdó gbígbọ̀n. Ní ti ata, ọjọ́ méjì méjì ni mò ń rọ orù wọn kún, n kì í sì í bomi sójú ilẹ̀ wọn mọ́. Ti tòmátì kò rí bẹ́ẹ̀, lítà kan kò tó o. Àràárọ̀ ni mò ń rọ tiẹ̀ kún, mo sì tún ń fún un ní ìdajì lítà látòkè, pẹ̀lú ìgò ike tí mo fi abẹ́rẹ́ lu ihò sí ìdérí rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kò jàǹfààní kankan nínú ọ̀rọ̀ orù, gbòǹgbò wọn kò jìn, wọ́n sì pọ̀ jù nínú àpò. Ìgò olóhò náà ni wọ́n ń lò, láàárọ̀ kí oòrùn tó ràn.

Ọjọ́ 9, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ìgbéyàwó àbúrò ìyá ìbejì gbé gbogbo wa lọ sí Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọyẹ́, òjò kò sì ní padà wá síbí kí oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Igbe tó dé. Èyí ni ìdánwò.

Fún ata, mo rọ ìgò ike lítà kan ààbọ̀ kún, mo dojú rẹ̀ dé sínú ẹnu orù, ọrùn rẹ̀ wọ inú omi. Bí omi orù bá lọ sílẹ̀ tí ẹnu ìgò yọ, afẹ́fẹ́ á wọlé, omi á bọ́ sílẹ̀ títí yóò tún fi dé ẹnu rẹ̀. Bí ìmumi adìẹ ṣe ń ṣe ni. Fún tòmátì, mo ṣírò rẹ̀: mẹ́ta, lítà kan ààbọ̀, ọjọ́ mẹ́rin, lítà 18. Mo wá okùn díríìpù méjì tó kù jáde, mo ra ọ̀kan kún un, mo gbé kẹ́ẹ̀gì dúdú padà sórí ògiri, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí inú orù ni mo jẹ́ kí okùn kán sí. Orù á pín in kiri fún ilẹ̀. Mo gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sábẹ́ máńgòrò Alájà kí oòrùn ọ̀sán má bá wọn, mo fi àwọ̀n ká wọn mọ́ nítorí ewúrẹ́ ọjọ́sí. N kò sọ fún Alájà pé kó bá mi bomi. Mo fẹ́ mọ̀.

Ọjọ́ 13, oṣù Ṣẹ́rẹ́

A dé ní alẹ́, mo fi iná fóònù lọ wò wọ́n kí n tó gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀. Ata rodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nàró, ìgò wọn ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣọ̀mbọ̀ dára. Tòmátì méjì dára. Ẹ̀kẹta ti rọ délẹ̀, orù rẹ̀ gbẹ kan-an-kan. Mo yẹ okùn rẹ̀ wò: èèrà kan ti kú sí ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde. Èèrà kan ṣoṣo.

Tẹ̀tẹ̀ gbẹ tán pátápátá, n kò retí ohun mìíràn.

Mo gbé tòmátì kẹta náà sínú bàsíà omi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Àárọ̀, ó ti nàró.

Ọjọ́ 30, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ó nàró, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Èso rẹ̀ tó ń tóbi lọ́wọ́ nígbà yẹn ti dúdú ní ìdí, dúdú pẹlẹbẹ bí awọ. Kì í ṣe kòkòrò, kì í sì í ṣe àrùn tó ń ràn. Kálísíọ́ọ̀mù ló ṣe aláìní nígbà tó ń gbé ìdí èso yẹn ró, omi ló sì ń gbé kálísíọ́ọ̀mù dé ibẹ̀. Bí omi bá dá dúró, ohun náà dá dúró, ìdí èso tó jìnnà jù ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kálísíọ́ọ̀mù wà nínú ilẹ̀. Mo ti rí èyí lára tòmátì mi lọ́dún tó kọjá, mo sì ra òògùn kòkòrò fún un. Owó ṣòfò. Mo ká àwọn tó dúdú náà kúrò. Àwọn tó so lẹ́yìn wọn mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ 14, oṣù Èrèlé

Ara àwọn orù ti ń funfun létí, iyọ̀ inú omi kànga ni. Ìjò wọn ti dín kù díẹ̀, èyí tó ń jò 400 wá sí bíi 300. Mo yọ ọ̀kan, mo fi kànrìnkàn àti yanrìn ha á, mo rì í sómi òjò tí mo tọ́jú láti oṣù Ọ̀wàwà, ó ti sàn. Èyí tó kù, mo máa ṣe wọ́n bí mo bá ń tún gbìn. Ojú ilẹ̀ rọ́bà náà ń funfun, nítorí náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù mo máa ń da omi púpọ̀ sí i látòkè kó fọ iyọ̀ náà jáde nísàlẹ̀.

Àwọn ìbejì fi bọ́ọ̀lù fọ́ orù kan. Àpáàdì rẹ̀ ti di ìbòhò ìdí rọ́bà tuntun méjì. Mo máa padà sí Dada lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ bẹ màmá yẹn kó bá mi mọ irú èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn sí i díẹ̀, kí ilẹ̀ má baà máa wọ inú rẹ̀ nígbà tí mo bá ń da èèpo ẹ̀pà.

Lánàá Alájà dúró tì mí nígbà tí mò ń rọ omi sí orù rodo. Ó ní, "Bàbá ìbejì, nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ bá mi ra méjì bọ̀. Mo fẹ́ rì wọ́n sí ìdí ewúro mi."

Ewúro! Ewúro tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún tí wọ́n kọ́ ilé, tí ẹnikẹ́ni kò bu ife omi kan sí ìdí rẹ̀ rí. Mo ní, "Ó dáa, Alájà. Màá rà á."